Kí Ni Àléébù Rẹ?

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń jókòó sí káńtà àbáwọlé ilé ìwòsàn yìí. Kò sí ìsọkúsọ tí etí mi ò tíì gbọ́, àmọ́ ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn lé kenkà. Àwọn mẹ́jọ ló wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹnì kan ṣoṣo la sì fẹ́ mú, ẹni tí yóò máa gbé fóònù, tí yóò sì máa dá àwọn tó bá wá béèrè èèyàn wọn lóhùn. Èmi àti akọ̀wé àgbà la jọ jókòó láti bi wọ́n ní ìbéèrè.

Ọkùnrin kan wà ní òpópónà ẹ̀yìn wa tó ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wáṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọ̀gá Ketekete ni wọ́n ń pè é, torí ó ní ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ dún ketekete. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lèmi ń pè é ní tèmi, àfi tó bá wà nítòsí. Àwọn méje tó kọ́kọ́ wọlé, ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni gbogbo wọn. Wọ́n á kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín, wọ́n á wá máa fi imú sọ̀rọ̀ bí ẹni tí òtútù mú. Akọ̀wé àgbà ń mi orí. Ó ní, "Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yọ̀ lẹ́nu wọn!" Mo pòṣé sínú.

Mo sọ fún ẹni àkọ́kọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí táì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún, mo ní, "Ká ní èmi ni mo wọlé báyìí, mo wá wo ìyá mi. O sì ti rí i nínú ìwé pé ìyá náà kú láàárọ̀. Ó yá, dá mi lóhùn. Ìyá mi dà?"

Ó gbá ọwọ́ mú níwájú. Ó ní, "Ẹ ṣeun gan-an fún ìbéèrè tó dára yìí."

Ẹ gbà mí o! Ìyá oníyàá kú, ó ní ìbéèrè dára. Kò tíì parí o. Ó ní ìpèníjà ni ikú, àmọ́ pẹ̀lú ìfarajìn, a óò borí. Mo wojú akọ̀wé àgbà, mo rò pé òun náà á rẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe ń kọ máàkì sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà làwọn mẹ́fà yòókù sọ, wọn ò tiẹ̀ tún un pa láró. Nígbà tí a bi wọ́n ní àléébù wọn, gbogbo wọn ní àléébù àwọn ni pé àwọn máa ń ṣiṣẹ́ jù. Àwọn tí wọn ò tíì ṣiṣẹ́ rí! Ìsọkúsọ gbáà.

Ẹni kẹjọ ni ọmọbìnrin ìyá tó ń gbálẹ̀ níbí. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló lọ sí kíláàsì Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, wọ́n ní kó má wá mọ́, pé ó máa ń ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ sọ ṣáá. Ìyá rẹ̀ ti bá mi sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Orúnkún ìyá náà ti bà jẹ́, tó bá bẹ̀rẹ̀, kí ó tó nàró di iṣẹ́. Ó ní bọ́mọ òun bá rí iṣẹ́ yìí, ọjọ́ yẹn gan-an lòun máa gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

Ọmọ náà kí wa, ó yí àga díẹ̀ kó tó jókòó. Mo ní, "Ìyá mi dà?"

Ó dìde, ó yí tábìlì ká, ó di ìgúnpá mi mú jẹ́jẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló tẹ̀ lé yín wá?"

Mo ní èmi nìkan ni.

"Ẹ fún mi ní nọ́ńbà ẹnì kan nílé tí mo lè pè. Dókítà ń bọ̀ wá bá yín sọ̀rọ̀. Mo máa jókòó tì yín títí wọ́n á fi dé."

Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí ìyá mi ti kú, síbẹ̀ díẹ̀ ló kù kí n bú sẹ́kún níwájú akọ̀wé àgbà. Mo ní ọ̀rọ̀ ti parí, a ti rí ẹni tá à ń wá.

Akọ̀wé àgbà ní ó ku ìbéèrè kan nínú ìwé. Ìwé ọ̀hún, orílé-iṣẹ́ ló fi ránṣẹ́, èmi ni wọ́n sì ní kí n sọ ọ́ di èdè wa. Ibi tó o kù díẹ̀ káàtó sí lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ mọ̀. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo kọ àléébù, ohun tí ìdílé máa ń fi pamọ́ fún àna. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ó bi í pé, "Kí ni àléébù rẹ?"

Ojú ọmọ náà yí padà. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó tún wo èmi. "Ta ló sọ fún yín, sà?"

"Sọ kí ni?"

"Etí mi òsì. Kò gbọ́ràn láti kékeré. Màámi ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ti ọ̀tún gbọ́ dáadáa sà. Gbogbo ẹ̀ ló ń gbọ́."

Bó ṣe jáde, akọ̀wé àgbà fa ìlà lórí orúkọ rẹ̀. "Adití la fẹ́ gbé fóònù fún?"

Mo ní, "Etí mélòó lẹ fi ń gbọ́ fóònù tiyín, sà?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ti ìwé sọ́dọ̀ mi. Ó ní kí n kọ ọ́ pé ohùn rẹ̀ kò já geere, pé tá a bá kọ etí síbẹ̀, ẹjọ́ ló máa dá sílẹ̀. Ó ku oṣù mẹ́rin kí n fẹ̀yìn tì, mi ò sì wá wàhálà. Mo kọ ọ́ bó ṣe pè é fún mi, mo buwọ́ lù ú. Gbogbo òṣé tí mo ti ń pa láti àárọ̀, ara mi gan-an ló tọ́ sí.

Ọmọ náà ń dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun nìkan ló kù. Ìyá rẹ̀ ń nulẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń ṣe bí ẹni tí kò wo ọ̀dọ̀ wa. Ojú ń tì mí, mi ò lè dúró. Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà wéré, mo kùn ún sẹ́nu pé wọn ò mú un, pé ohùn rẹ̀ kò já geere.

Ó dìde kíá. Ó yí gbogbo ara padà, ó kọ etí ọ̀tún sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú mà, ẹ̀gbẹ́ òsì lẹ wà, mi ò gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ. Mo sọ ọ́ sókè débi pé ìyá rẹ̀ náà gbọ́ níbi tó ti ń nulẹ̀.