Ọwọ́ Tí Wọn Ò Tíì Yà

"Wọ́n ní obìnrin inú ìgbìmọ̀ yẹn…"

"Èwo? Èyí tí Chizuru ń fọhùn fún?"

"Òun náà. Wọ́n ní àwọn tó ń sanwó eré sọ pé kò dáa kí… ẹ jẹ́ n dákẹ́ o."

"Kí lẹ fẹ́ dákẹ́ sí mọ́? Ó máa dìbò fún ogun lónìí nìyẹn!"

Chizuru gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ife tíì tó ti tutù lọ́wọ́ rẹ̀. Ara rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Láti ìgbà òjò ló ti ń yá Aṣojú Serane ní ohùn, obìnrin kan ṣoṣo tó jókòó láàárín àwọn aṣòfin ojú ọ̀run nínú eré àwòrán orí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n jọ ń ṣe. Bí àwọn ọkùnrin bá ń pariwo pé kí ọkọ̀ ogun gbéra, Serane a dìde, a ní, "Ta ló bi àwọn tó máa kú léèrè?" Láti ìlú Akita títí dé ìlú Kobe, àwọn ọmọbìnrin ń kọ̀wé wá pé ẹnì kan ń bá àwọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bí Serane bá wá nawọ́ sókè láti dìbò fún ogun, ojú wo ni Chizuru yóò fi wò wọ́n? Ojú wo ni yóò fi wo ìyá tirẹ̀, tí iná bọ́ǹbù jó ilé baba rẹ̀ ní ìlú Nagaoka di eérú nígbà ogun?

Wọ́n pe àwọn òṣèré wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀. Chizuru ṣí ìwé eré. Níbi ìdìbò, wọ́n ti lẹ bébà funfun bo ọ̀rọ̀ Serane. Ó gbójú sókè wo àwòrán eré tí wọ́n tàn sára ògiri. Bí ìṣe wọn, àwòrán ò tíì parí, ìlà pẹ́ńsùlù lásán ni. Ọwọ́ gbogbo aṣòfin wà lókè. Ti Serane dópin sí èjìká.

Ọmọdé òṣèré kì í bi olùdarí léèrè níbẹ̀. Àgbà ní í báni dé ẹ̀yìn gíláàsì tí olùdarí jókòó sí. Chizuru rọra sún mọ́ Odagiri Fusae, ìyá àgbà tó ń fọhùn fún ọba ọmọdé ti ilẹ̀ ọ̀tá.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́…"

"Kí ló dé tí o ń rìn kiri bí adìẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí?"

"Ẹ bá mi bi ọ̀gá Kurahashi. Ṣé lóòótọ́ ni pé kí n fọwọ́ sí ogun? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, mi ò ní sọ ọ́. Kí wọ́n wá ẹlòmíì."

"Ọmọ yìí! Wọ́n á ti rí ẹlòmíì kí o tó wọ bàtà tán."

"Mo mọ̀, mà."

Fusae wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Èmi ọba ọ̀tá lo wá bẹ̀ níṣẹ́. Ayé mà dojú rú o." Ó dìde.

Lẹ́yìn gíláàsì, ẹnu ń lọ, ohùn ò jáde. Kurahashi, olùdarí wọn, lu tábìlì. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún wọ̀ ọ́. Fusae dorí kodò.

"Wọ́n ti lé Chizuru dànù nìyẹn," ẹnì kan sọ lẹ́bàá máìkì.

Chizuru dìde, ó jókòó, ó tún dìde.

Nígbà tí Fusae jáde, kò rẹ́rìn-ín.

"Màmá, kí ni wọ́n sọ?"

"N ò ní fi tèmi kún un, n ò sì ní yọ níbẹ̀. Ó ní: 'Àwọn tó ń sanwó ní kí Serane gbọ́wọ́ sókè. Mo sọ fún wọn pé àwọn tó ń yàwòrán ò tíì débẹ̀. Ẹ sọ fún Chizuru pé mi ò kọ nǹkan kan sórí bébà yẹn. Ohùn rẹ̀ la ó kọ́kọ́ gbà. Ohun tó bá sọ, òun la ó yà.'"