Àkùkọ Ìtánràn

Nílé ọkọ mi ní Ìta Fàájì, ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé. Ọmọ ọwọ́ pàápàá, tó bá ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó gbé ọ wọlé, ọkọ rẹ ni, àfi kí o wá orúkọ mìíràn fún un. Wàsíù àbúrò ọkọ mi kò tíì lè nu imú ara rẹ̀ nígbà tí mo dé láti Ìjẹ̀bú, síbẹ̀ "Akọ̀wé" ni mò ń pè é títí di òní, bẹ́ẹ̀ kò sí iṣẹ́ ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó tó bá ṣèèṣì pe orúkọ, àkùkọ kan ni ìtánràn rẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀. Èmi ò san án rí. Ẹnu mi mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí mò ń fi í sí.

Orúkọ tó léwu jù lọ nínú ilé yẹn ni ti ìyálé mi. Ìyá Tawfiq ni gbogbo ayé ń pè é. Èmi àti ẹ̀ la jọ ń ta edé gbígbẹ ní ọjà Sandgrouse, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ló ń tà á ju ọwọ́ wa méjèèjì lọ. Bó bá ti kígbe pé "Ẹ wá wo edé!", ẹni tó ń lọ ra ẹran á yà. Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, ohùn yẹn kan náà ló ń lé orin fún ẹgbẹ́ àdúrà Asalatu wa. Nílé ńkọ́? Èmi ló ń fi í bá jà. Ó lè bẹ̀rẹ̀ lórí ìkòkò tí mi ò fọ̀ mọ́, kó parí ẹ̀ sórí ìyá tó bí mi.

Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀ nípa gẹ̀gẹ̀ tó yọ sí i lọ́rùn. Abẹ́ hijáàbù ló ń fi í pamọ́ sí. Ọjọ́ tí mò ń bá a dirun ni ọwọ́ mi kàn án lọ́rùn rẹ̀, ó tó ẹyin adìẹ. Ó ní bí mo bá sọ fún ẹnikẹ́ni, òun á lé mi dé Ìjẹ̀bú-Òde. Mo sọ fún Alhaji Rájí ọkọ wa kí n tó fọ òróró irun kúrò lọ́wọ́.

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní iṣẹ́ abẹ ni. Ó ní ibi tí òun máa gé sún mọ́ iṣan tó ń mú ohùn jáde, òun á ṣọ́ra, ṣùgbọ́n ohùn àwọn mìíràn máa ń lọ, kì í sì í padà. Alhaji ní, "Alhamdulillahi." Mo wò ó títí tó fi sọ ọ́ di, "Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

Ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, mò ń bá ìyálé mi bọ́ yẹtí góòlù rẹ̀ nígbà tó di ọwọ́ mi mú.

"Ìyàwó, bí ohùn yìí bá lọ, kí ló tún kù lára mi?"

"Ojú tẹ́ ẹ fi ń wò mí bíi pé mo jalè."

Kò rẹ́rìn-ín. "Wọ́n á máa káàánú mi. Mi ò fẹ́. Bó o bá rí i pé wọ́n ń káàánú mi, bá mi jà. Ṣèlérí."

Mo ṣèlérí. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo fi yẹtí náà sí etí ara mi kó má baà sọnù.

Nígbà tó lajú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tí báńdéèjì wà lọ́rùn rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó na ìka sí etí mi. Mo mọ̀ pé orí rẹ̀ pé. Mo ní, "Mi ò gbọ́ èdè ọwọ́ o, mà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹnu béèrè ni mo máa bọ́ ọ."

Dókítà ní kó má tíì sọ̀rọ̀. Mo tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, mò ń fún un ní àkàmù, mò ń bá a ṣe àlùwàlá kí omi má kan ọgbẹ́. Mo sì di agbẹnusọ rẹ̀. Bó bá fọwọ́ júwe fún Alhaji pé òun fẹ́ àkàmù, màá ní, "Wọ́n ní kẹ́ ẹ ra bàtà tuntun fún èmi Hàlímọ̀." Alhaji ra bàtà náà. Ìyálé mi fi kóńgò ìwọn edé tí mo gbé wá kó lè máa fi pè mí lu irin ibùsùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ń gbọn èjìká rẹ̀.

Ìgbà tó yá, dókítà ti ẹ̀rọ tín-ínrín kan bọ imú rẹ̀, ó wo ọ̀fun rẹ̀, ó ní kò sóhun tó ṣe iṣan ohùn, kó máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyálé mi mi orí. A délé, kò sọ nǹkan kan. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, kò sọ nǹkan kan. Mo bá a níwájú dígí níjọ́ kan, ó yanu, ó fọwọ́ di ọ̀fun, ó tún pa ẹnu dé láìgbìyànjú. Ìgbà yẹn ló yé mi. Bí kò bá dán an wò, kò ní í mọ̀ bóyá ohùn ti lọ. Mo lọ sunkún lẹ́yìn àpò edé, lẹ́yìn náà inú bí mi.

Mo jẹ́ kí ọbẹ̀ jóná kó lè pariwo mọ́ mi. Mo fi ìkòkò sílẹ̀ láìfọ̀. Mo wọ léèsì rẹ̀ lọ sọ́jà. Kóńgò nìkan ló ń lù. Àwọn Asalatu wá kí i, wọ́n ní kó máa sinmi, Ìyá Ihsan, ọ̀kan nínú wọn, á máa lé orin. Ó tẹrí ba, ó sì gbà. Bẹ́ẹ̀ Ìyá Ihsan ń kọrin bí ẹni tí edé há lọ́fun.

Ní ọjọ́ kejì, nídìí edé wa lọ́jà, obìnrin kan tó ti Apọ́ngbọ̀n rìn wá béèrè iye edé lọ́wọ́ ìyálé mi. Ó na ìka sókè. Obìnrin náà yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀, ó ní, "Má yọ màmá lẹ́nu, odi ni wọ́n. Ṣàánú wọn, ra díẹ̀."

Ìyálé mi gbọ́. Ó wo ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn edé fún un.

Mo dìde, mo fọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí.

"Àmúdàtù!"

Ẹni tó ń ka owó dúró. Ẹni tó ń gé ẹran dúró.

"Àmúdàtù ọmọ Mọ̀núrù! Ṣé o máa dáhùn àbí o ò ní í dáhùn?"

Kóńgò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yanu. Ohùn náà ha bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ṣùgbọ́n ó jáde.

"Ta... ta lò ń pè? Èmi? Lórí ìkúnlẹ̀! Hàlímọ̀, lórí ìkúnlẹ̀! Àkùkọ! Kó sì sanra!"

Mo ti kúnlẹ̀ sínú èèpo edé kó tó parí ẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú mi. Ìgbà náà ló gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó fọwọ́ kan ọrùn, ó jókòó pẹ̀lẹ́ sórí àpótí.

"Ìyàwó."

"Mà."

"Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti kú, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Ẹ má bínú, mà."

"Pè é lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Ó ti di àkùkọ méjì nìyẹn o, mà."

"Èmi ni màá ra èkejì."

Mo pè é. Ó jẹ́ mi lóhùn. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí mi, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè yẹtí rẹ̀.