Ọjọ́bọ̀ Tí Wọn Ò Gbálẹ̀ Ọjà

Ilé-ẹjọ́ ò fi Rájí sẹ́wọ̀n nítorí ìjà tó jà. Wọ́n ní kó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀, kí Ìyáàfin Yéwándé, òṣìṣẹ́ kóòtù, máa ṣọ́ ọ, kó sì padà wá síwájú adájọ́ ní Ọjọ́bọ̀. Bí kò bá wá, ẹ̀wọ̀n ni.

Rájí kì í wo kàlẹ́ńdà. Ní Àlàbá tó ti ń tún fáànù ṣe, àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń gbálẹ̀ ọjà, ṣọ́ọ̀bù kankan kì í sì í tètè ṣí. Ṣùgbọ́n ọdún Iléyá ti gba ọjọ́ ìtajà lọ́wọ́ wọn lọ́sẹ̀ yìí, ni ẹgbẹ́ ọjà bá ní kí wọ́n má gbálẹ̀. Rájí bá gbogbo ṣọ́ọ̀bù ní ṣíṣí, ó ní Ọjọ́rú nìyí, ó jókòó ti iṣẹ́, ó ń kọrin.

Ọ̀sán ni Ìyáàfin Yéwándé yọ sí i.

"Ẹ káàsán, mà. Ṣebí ọ̀la la máa pàdé ní kóòtù?"

"Ọ̀la wo? Ọjọ́bọ̀ lòní."

Sukudiráfà bọ́ lọ́wọ́ Rájí.

"Ẹ bá wa mú un lọ, mà," ni Bùsáyọ̀ tó ń ta wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wí. "Orin rẹ̀ ti fẹ́ dí wa létí."

Ìyáàfin náà bú sẹ́rìn-ín. "Nígbà tí o ò dé kóòtù láàárọ̀, adájọ́ ní kí n wá wò ọ́. Bí mi ò bá bá ọ nídìí iṣẹ́, kí n pe ọlọ́pàá. Bí mo bá bá ọ, kí n sọ fún ọ pé ẹjọ́ ti parí."

Rájí dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín àwọn fáànù. "Mo máa lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ adájọ́ lọ́la, mà."

"Jókòó jẹ́ẹ́," ni Bùsáyọ̀ wí. "Ta ló mọ ọjọ́ tí wàá débẹ̀?"