Ẹni Tó Gbé Ẹ́ńjìnnì Ìyá Oníbúrẹ́dì

Nígbà tí Àǹtí Ìmúrasílẹ̀ sọ pé Télọ̀ ni yóò máa kó ẹrù Ìyá Oníbúrẹ́dì lọ́jọ́ tí omi bá dé, díẹ̀ ló kù kí páànù búrẹ́dì bọ́ lọ́wọ́ ìyá náà.

"Télọ̀ wo? Télọ̀ tí mo mọ̀ yìí? Ẹni tí kì í rí abẹ́rẹ́ tó há sára ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀?"

"Màmá, mo gbọ́ yín o!" ni Télọ̀ ké láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó kọjú sí tìyá náà. "Ẹ̀yin náà lẹ máa kó tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọ ìyẹ̀fun kúrò lọ́wọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà."

Gbogbo àdúgbò bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín lọ́kàn Ìyá Oníbúrẹ́dì. Lọ́dún tó kọjá ni odò tó wà lẹ́yìn àdúgbò náà kún, tó wọlé láìkágò, tó gbé gbogbo ìyẹ̀fun rẹ̀ lọ, tó sì ba ẹ́ńjìnnì tó fi ń po ìyẹ̀fun jẹ́. Ilé ìwòsàn tó ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀ láràárọ̀ fún àwọn aláìsàn gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Ọlọ́run ò sùn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin bá a ra ẹ́ńjìnnì mìíràn, ilé ìwòsàn sì gbà á padà. Àmọ́ obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìdáná níbẹ̀ kìlọ̀ fún un: "Màmá, aláìsàn ò mọ̀ pé odò kún. Àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo tí búrẹ́dì yín ò bá ti dé, ó parí nìyẹn."

Ìyá Oníbúrẹ́dì mọ̀ pé tí omi bá tún ba iṣẹ́ yìí jẹ́, kò sí ẹ̀gbọ́n tó lè ra ẹ́ńjìnnì kẹta. Yóò ti ilẹ̀kùn ni, yóò sì lọ jókòó sílé ọmọ, kí wọ́n máa bu oúnjẹ fún un bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti rọ.

Ìdí nìyẹn tó fi fetí sí Àǹtí. Ọ́fíìsì tó ń ran àwọn oníṣòwò kéékèèké lọ́wọ́ ló rán ọmọbìnrin náà wá. Kì í sọ gbólóhùn méjì kí "ìmúrasílẹ̀" má wọ̀ ọ́, ni Télọ̀ bá sọ ọ́ lórúkọ. Òun ló ní kí bíríkìlà gbé ààrò ìyá náà ga dé ìbàdí. Òun náà ló bá Káfíńtà aládùúgbò wọn sọ ọ́, tí Káfíńtà fi yọ̀ǹda òkè pẹtẹ́ẹ̀sì rẹ̀ kí gbogbo wọn máa kó ẹrù sá síbẹ̀.

Ìdánrawò àkọ́kọ́, kí ọ̀rọ̀ Télọ̀ yìí tó wáyé, tini lójú. Àǹtí fọn fèrè, kálukú sì gbá ẹrù tirẹ̀ mú. Télọ̀ gbá tábìlì ìlọṣọ mọ́ àyà. Ìyá Oníbúrẹ́dì gbé àga olóògbé ọkọ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó tún ń wọ́ ọpọ́n ńlá kan bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n pàdé lórí àtẹ̀gùn, wọ́n sì há síbẹ̀.

"Ẹ sún sẹ́yìn, màmá!"

"Ìwọ ni kó o sún! Ẹsẹ̀ tábìlì rẹ ló ń gún mi nítan yìí!"

Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àǹtí ò rẹ́rìn-ín. Ó mú ìyá náà padà lọ sí ìsọ̀ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì wà nílẹ̀ gbọnin-gbọnin, àpò ìyẹ̀fun sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Tí omi bá wọlé báyìí, kí lẹ máa fi ṣe búrẹ́dì lọ́la? Àga?"

Ìyá náà rọra sọ àga náà kalẹ̀ ní èjìká rẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹni tó bá ń kó ẹrù ara rẹ̀, ohun tó fẹ́ràn ló máa kọ́kọ́ gbé. Aládùúgbò á gbé ohun tẹ́ ẹ fi ń ṣiṣẹ́."

Bí wọ́n ṣe ṣe pàṣípààrọ̀ nìyẹn. Ìyá Oníbúrẹ́dì kọ́ Télọ̀ bí wọ́n ṣe ń tú bóòtù ẹ́ńjìnnì. Télọ̀ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yọ orí ẹ̀rọ ìránṣọ kúrò lórí tábìlì. Wọ́n bú ara wọn, wọ́n dá ara wọn lápàárá, wọ́n sì ń tún un ṣe títí ó fi mọ́ wọn lára.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni òjò tó ti ń rọ̀ lókè odò sọ̀ kalẹ̀ wá bá wọn. Fèrè ìkìlọ̀ dún lórí afárá odò. Ìyá Oníbúrẹ́dì dúró láàárín ìsọ̀ rẹ̀, omi ti ń lá ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ̀ ń yún un láti gbé nǹkan, ohunkóhun. Ó di ojú.

"Olúwa, ọwọ́ Rẹ ni mo fi í sí o. Ọwọ́ Rẹ, àti ọwọ́ Télọ̀."

Ó kẹ̀yìn sí gbogbo ohun tó ní, ó sì sáré jáde. Òun àti Télọ̀ pàdé láàárín títì, kálukú ń sá lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹnì kejì.

"Bóòtù ẹ̀yìn yẹn le o! Fi agbára sí i!"

"Ẹ má wẹ̀yìn, màmá! Aṣọ iléèwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó!"

Ó kó aṣọ, ó gbé orí ẹ̀rọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń gòkè gba ọ̀tún, àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ gba òsì, ẹnikẹ́ni ò há. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé èyí tó kẹ́yìn dókè, tí omi ti dé orúnkún, kò tíì rí Télọ̀. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ètè rẹ̀ ń gbàdúrà.

"Ẹ yà o! Olówó orí búrẹ́dì ń bọ̀!"

Télọ̀ ni. Ó fi aṣọ òjò ara rẹ̀ wé ẹ́ńjìnnì lórí èjìká, òun fúnra rẹ̀ sì tutù bí ẹja. Káfíńtà ru ìyẹ̀fun tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn wọn, omi ti àga olóògbé jáde láti ẹnu ọ̀nà, ó yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé e lọ.

Télọ̀ rí ibi tí ojú ìyá náà wà. "Màmá, ẹ dákun, mi ò lè gbé méjèèjì…"

"Pa ẹnu ẹ dé," ni ìyá náà wí, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Bàbá àwọn ọmọ mi kì í jẹ àga. Búrẹ́dì ló máa ń jẹ."

Omi fà kí ilẹ̀ tó ṣú. Gbogbo àdúgbò mú ìgbálẹ̀ àti ṣọ́bìrì, wọ́n sì ń kọrin ìyìn bí wọ́n ti ń kó ẹrẹ̀. Omi ò dé inú ààrò, igi tí wọ́n tò síbẹ̀ gbẹ. Télọ̀ ló de bóòtù ẹ́ńjìnnì padà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dáhùn tó sì ń kùn, Ìyá Oníbúrẹ́dì kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì dìde lọ po ìyẹ̀fun.

Láàárọ̀, ọ̀gá ilé ìdáná ti ń wọ bàtà láti lọ wá búrẹ́dì níbòmíràn nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn.

"Màmá! Wọ́n ní omi gbé gbogbo ọ̀dọ̀ yín!"

"Ó wọlé lóòótọ́. Ẹ gba búrẹ́dì, ẹ rọra o, ó gbóná."

Obìnrin náà bu ọ̀kan, èéfín sì yọ sókè láàárín wọn. Ó wo ìyá náà láti òkè délẹ̀.

"Lọ́la ńkọ́?"

"Lọ́la, lọ́túnla, àti títí Jésù á fi dé."

"Àmín o!" ni Télọ̀ ké lẹ́yìn rẹ̀, páànù búrẹ́dì mẹ́ta lórí ara wọn ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Ẹ tètè gbà á lọ́wọ́ mi kí Ó tó dé."