Wọ́n Bára Mu

Ẹ jẹ́ kí n kanra. Àfọwọ́fà ni tèmi.

Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́ ní Ṣakí. Àwọn òyìnbó ń fi fọ́nrán àbùdá, ohun tíntìntín tó ń gbé ìrísí bàbá àti ìyá wọ ara ọmọ, ṣe ìṣirò nínú ìgò. Fọ́nrán kan á máa wá èyí tó bá a mu. Bó bá rí i, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, ìdáhùn nìyẹn. Àwa ò nígò, iná gan-an ò dúró. Mo bá kọ ètò kan tó ń ṣe bí ìgò náà nínú kọ̀ǹpútà. Àmì àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ni fọ́nrán tèmi ń wá. Bí ọkùnrin àti obìnrin bá jọ ní in, ara tiwọn lè dá ṣáṣá, ọmọ wọn ló lè jìyà rẹ̀. Bó bá ti lẹ̀ mọ́ tàwọn méjèèjì, ètò á kọ ọ́ ní Yorùbá, kí ará ilé lè kà á: WỌ́N BÁRA MU. Fọ́nrán ni mò ń bá wí, kì í ṣe ọkùnrin àti obìnrin náà.

Mo gba ẹ̀jẹ̀ Sàrátù àbúrò mi àti Tàófíìkì àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ilé àyẹ̀wò kan n'Ìbàdàn fi èsì ránṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà mi nílé nígbà tí mo rìnrìn àjò lọ sí Tẹ̀dé. Sàrátù pè mí.

"Bọ̀dá mi, a ti tẹ̀ ẹ́ wò. Ó dára."

Mo ní àlùhámúdùlílááì. N ò bi í pé kí ló kọ. Orí mi ti wú.

Nígbà tí Àfáà béèrè ìwé ọsibítù, ìyá wa ní àyẹ̀wò tèmi, Mọ́nsúrù ọmọ òun, ju ti ọsibítù lọ. Wọ́n so yìgì.

Nígbà tí Màríámù ọmọ wọn pé oṣù mẹ́jọ, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun. Mo lọ ṣí kọ̀ǹpútà. WỌ́N BÁRA MU ló wà níbẹ̀.

Mo jẹ́wọ́ fún Sàrátù. Ó bi mí léèrè:

"Bọ̀dá mi, lédè ta ni 'wọ́n bára mu' ti ń jẹ́ 'ẹ má fẹ́ra yín'?"

Ẹyin lohùn. Tèmi fọ́ sórí ọmọ ọlọ́mọ.

A sin Màríámù nígbà ọyẹ́, kò tíì pé ọdún méjì. Sàrátù tún ti lóyún. Lánàá, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká lọ sí Ìbàdàn, kí wọ́n yẹ oyún náà wò. Ó ń sá èlùbọ́, kò gbójú sókè.

"Ohun tí Ọlọ́run bá kọ, a óò rí i nígbà tó bá dé," ó ní. "Ẹ má bá mi kà á mọ́."