Mílíìkì Àdìó Kò Fẹ́ Dúró

Ojoojúmọ́ ni mílíìkì náà ń bàjẹ́ lójú Ìyá Ọmọ́yẹni. Yóò ṣa ẹ̀wà sóyà, yóò rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, yóò bó o, yóò lọ̀ ọ́, yóò fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, yóò sì gbé e kaná. Títí dé ibẹ̀, funfun báláú ni. Àmọ́ bó bá ti fẹ́ hó báyìí, á pín. Èyí tó ki á ṣù jọ bí òwú tí òjò pa, á rì sísàlẹ̀ ìkòkò. Èyí tó ṣẹ́kù lókè á dà bí omi orí ògì. Omi yẹn kò lè bọ́ ọmọ, ọmọ tó sì ń dúró dè é kò ní oúnjẹ mìíràn láyé.

Àdìó ni wọ́n ń ki ọmọ náà. Ọmọ́yẹni, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ìyá náà bí, ló bí i, ó sì fayé sílẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ. Mílíìkì agolo ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún un. Gbogbo rẹ̀ ló ń bì, ìgbẹ́ gbuuru sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ. Nọ́ọ̀sì kan ló wá ní mílíìkì màlúù kò bá a lára mu.

"Màmá, ẹ̀wà sóyà ni kẹ́ ẹ máa ṣe fún un," ni nọ́ọ̀sì wí, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Nígbà òjò, ó dára. Omi abẹ́ páànù ni ìyá àgbà ń gbè nígbà náà. Ọmọ mu, kò bì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ. Ọyẹ́ dé, òjò dá, gbogbo ilé padà sídìí kànga, mílíìkì sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín.

Ta ni yóò ro ti omi? Omi kànga ní Ìbà tí wọ́n ń gbé pọ́n bíi tíì, gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìnkùlé wọn mọ́ lójoojúmọ́, ìyá náà sì rò pé ó ń tòrò fúnra rẹ̀ ni. Iná ló fura sí. Ó fa igi yọ, mílíìkì pín. Ó pààrọ̀ ìkòkò, ó pín. Ó pààrọ̀ ẹni tó ń ra ẹ̀wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún pín. Ìgbà tó dé ibi tí ọgbọ́n pin sí, ara rẹ̀ ló wá fura sí. Ó gbààwẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ wá láti ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wọn, wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ka Sáàmù lé ìkòkò lórí. Kí wọ́n tó ṣe àmín, ó ti pín.

Rótìmí, bàbá ọmọ, mẹkáníìkì ni ní Okokomaiko. Bó bá ti dé, ìkòkò ni yóò kọ́kọ́ yọjú sí.

"Màmi, ó tún ti ṣe é?"

"Ó tún ti ṣe é."

"Bó bá jẹ́ mọ́tò ni, ǹ bá ti tú u palẹ̀, ǹ bá rí ibi tó ti ń jò. Èwo wá ni ti ẹ̀wà?" Á nu ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún ọ́ìlì mọ́tò, kò ní lè wo ojú ọmọ rẹ̀.

Sìkírátù nìkan ló lè pa wọ́n lẹ́rìn-ín nínú ilé yẹn. Yàrá tó kọjú sí tiwọn ló ń gbé. Wáyà àti gílóòbù ló ń tà ní ọjà Aláàbà. Òun náà ló ń fa omi sí dúrọ́ọ̀mù láàárọ̀ kó tó kírun.

"Ìyá Ìjọ, ẹ fi àdúrà sílẹ̀ ná, kẹ́ ẹ koná! Iná ò gbọ́ Sáàmù."

"Sìkírá, ẹnu ẹ yìí ni yóò pa ẹ́."

"Kó má tíì pa mí o. Ta ni yóò máa fa omi fún yín?"

Wọn á rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo Sìkírátù dáadáa yóò rí i pé kì í fi ojú sílẹ̀ lára Àdìó. Ọyẹ́ èṣí ni onígbáméjì mú Mùtíátù, ọmọ tirẹ̀, lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Àdìó jí, kò sunkún. Ojú rẹ̀ là kalẹ̀, ó ń wo àjà. Èyí ba ìyá náà lẹ́rù ju igbe lọ. Ó sáré jáde sẹ́yìnkùlé láti lọ bomi, Sáàmù ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ló bá Sìkírátù tó bẹ̀rẹ̀ sórí dúrọ́ọ̀mù. Òkúta álọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń mú omi tòrò, èyí tó kún ọwọ́, ló ń fi ro omi yípo yípo, ó ń ṣàdúrà sínú: "Ọlọ́run, má jẹ̀ẹ́ kó mú eléyìí."

Ìyá Ọmọ́yẹni wo inú omi. Ẹrẹ̀ tó tú ká nínú rẹ̀ ń wá ara wọn rí. Wọ́n ń ṣù, wọ́n ń ṣù, wọ́n sì ń rì lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Omi òkè ń mọ́. Ó ti rí ìṣù yẹn rí. Òun ló ń rí lórí iná lójoojúmọ́ ayé.

"Sìkírá," ó pè é, "láti ìgbà wo?"

"Àtìgbà tójò ti dá ni. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, kẹ́ ẹ má baà máa dúpẹ́ kiri. Bí mo ṣe ń fi sí tiyín ju ti gbogbo ilé lọ nìyí. Omi tí ò tòrò yìí náà ni Mùtíátù mi mu, ẹ ṣáà mọ ibi tó gbé e dé. Kò ní mú Àdìó."

Ìyá náà tún wo òkúta tó wà lọ́wọ́ Sìkírátù. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún abiyamọ tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́ pé oore ọwọ́ rẹ̀ ni ebi fi ń pa ọmọ ẹlòmíì?

"O ṣeun, ọmọ mi," ló sọ. "Olúwa á san án fún ọ."

Ó fún Rótìmí ní kẹ́ẹ̀gì pé kó sáré dé Ìbà Housing Estate, bóyá ẹ̀rọ omi ibẹ̀ yọ. Ó lọ, ó bọ̀. Kẹ́ẹ̀gì fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ńṣe ló ń wúkọ́, Màmi. Afẹ́fẹ́ lásán ló ń tú jáde."

Iwájú ò ṣe é lọ, ẹ̀yìn ò ṣe é padà sí. Bó bá lo omi tó ní álọ́ọ̀mù, ebi. Bó bá lo èyí tí kò ní, omi tó pa Mùtíátù. Òjò sì jìnnà. Nígbà tí Sìkírátù wọlé lọ kírun, ìyá náà fa omi kànga tirẹ̀. Ó mú sútánà tó fi ń lọ ìsìn, ó ṣẹ́ ẹ po, ó fi sẹ́ omi náà títí aṣọ funfun fi pọ́n. Ó sè é, ó tún un sè. Ó fi po ẹ̀wà tó lọ̀, ó gbé e kaná, ó dúró tì í. Ó fẹ́ gbàdúrà, kò mọ èyí tí ì bá gbà.

Mílíìkì ru sókè, ó hó kùṣọ̀kùṣọ̀. Kò pín. Ó dúró, ó ki, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ń rùn bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́.

Ó gbé ọmọ lé itan, ó bu ṣíbí kan.

"Àdìó ọkọ mi. Ọmọ Ọmọ́yẹni arẹwà. Ọmọ a-gbọ́-igbe-ìyá-àgbà-má-kọ̀. Àdìó, la ẹnu, ìyá rẹ ń wò ọ́."

Ṣíbí àkọ́kọ́ ṣàn jáde létí ẹnu. Èkejì wọlé, ọ̀fun ọmọ sì mì.

Ẹnu ọ̀nà ṣókùnkùn díẹ̀. Sìkírátù ló dúró síbẹ̀, ṣáàlì ìkírun ṣì wà lórí rẹ̀. Ó wo ife, ó wo sútánà pípọ́n tó wà lórí okùn, ó gbóòórùn.

"Ìyá, ẹ ò fi álọ́ọ̀mù sí i."

"Mi ò fi sí i."

Ojú rẹ̀ dúró lórí mílíìkì tí kò pín yẹn, ohun tí álọ́ọ̀mù rẹ̀ ti ń ṣe sì wá yé e. Ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ṣé ó sè dáadáa?"

"Mo sè é títí, Sìkírá. Mo sè é títí."

Ìyá náà bu ṣíbí mìíràn. Sìkírátù fà mọ́ ìdí àga, ó di ẹsẹ̀ ọmọ mú. Wọ́n jọ ń wo ọ̀fun rẹ̀, kò sì sí èyí tó lè sọ fún ẹnì kejì bóyá oúnjẹ ló ń lọ sísàlẹ̀ níbẹ̀ tàbí onígbáméjì.