Dìde, Kí O Ṣí I

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Crispin Hale wọ ilé Màdáámù Ghislaine Delebecque ní Roubaix, nílẹ̀ Faransé, kò tíì jókòó dáadáa tó fi pè é ní "ìwọ". Ó ní, "Báwo ni, Ghislaine? Ilé rẹ dára o." Màdáámù ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Ó rọra gbé ife kọfí tí wọ́n fi gbòǹgbò ṣíkórì lú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wò mí fìrí, ó wá kọjú sí àlejò rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Hale. Ẹ jókòó. Ẹ má bínú pé àga wa le."

Èmi mọ̀ pé "ẹ" yẹn ló fi gbá ọkùnrin náà létí. Crispin ní tirẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó jókòó, inú rẹ̀ dùn pé wọ́n gba òun tọwọ́tẹsẹ̀.

Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ló dá sílẹ̀ ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fẹ́ràn ìtàn aláwòrán débi pé ó lè gbàgbé oúnjẹ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi àjọ̀dún àwọn ayàwòrán àti ilé ọtí ló ti kọ́ èdè Faransé, níbi tí kálukú ti ń pe ẹnìkejì rẹ̀ ní ìwọ. Ó wá gbà pé "ìwọ" ni ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́, pé ọlọ́pàá àti adájọ́ ló ni "ẹ̀yin". Mo fẹ́ là á lóye. Màdáámù ní kí n fi í sílẹ̀ jàre, òun fẹ́ mọ ọjọ́ tí etí rẹ̀ máa là.

Ohun tó gbé e wá ni pé ó fẹ́ kó gbogbo iṣẹ́ Màdáámù jọ sínú ìwé ńlá mẹ́ta ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ilẹ̀ Faransé níbí, àwọn tó ń tẹ ìwé rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti jẹ́ kó pa rẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, àfi kó lọ máa tú àpótí àwọn tó ń ta ìwé àlòkù. Èmi, Bastien Thorley, tí ìyá mi jẹ́ ọmọ Faransé láti Tourcoing tí bàbá mi sì jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì láti Yorkshire, ni wọ́n gbà pé kí n tú u, kí n sì fọwọ́ kọ àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Nínú ìtàn aláwòrán, ọ̀rọ̀ ẹnu kì í dá rìn. Inú àpò funfun kan ló ń gbé, lẹ́bàá ẹnu ẹni tó ń sọ ọ́. Àpò ọ̀rọ̀ là ń pè é. Iṣẹ́ mi ni kí n kó Faransé kúrò nínú àpò, kí n kó Gẹ̀ẹ́sì sí i, kí lẹ́tà mi sì jọ ti Màdáámù bí ìbejì. Ó bá mi lára mu. Láti kékeré, ohun tó bá ta kókó ni mo fẹ́ràn. Tí mi ò bá tíì tú u, mi ò lè jókòó sójú kan.

Kókó tó le jù wà ní òpin ìwé kejì, nínú ìtàn tó sọ Màdáámù di olókìkí nígbà kan rí, Agogo Ilé Ìdáná. Ọmọ ọ̀dọ̀ kan ń jẹ́ Zélie. Ọ̀gá rẹ̀, Carpreau, ló ni ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun irun àgùntàn. Carpreau á fa okùn lókè, agogo á dún nílé ìdáná, Zélie á gun àtẹ̀gùn lọ. Ṣé ẹ fẹ́ tíì? Ṣé kí n gbé bàtà yín wá? Ojú ewé lẹ́yìn ojú ewé, ẹ̀yin, ẹ̀yin, títí irun rẹ̀ fi funfun. Ní ojú ewé tó gbẹ̀yìn, agogo dún, ó gun òkè pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, ó bá ọ̀gá lórí àga, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé gan-an. Ooru ń mú ọ̀gá. Ó fẹ́ kí wọ́n ṣí fèrèsé tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn. Zélie wò ó, ó ní:

"Dìde, kí o ṣí i."

Kò fọ́ àwo, kò ju aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀. Àwòrán tó tẹ̀ lé e kò ní ọ̀rọ̀ kankan, ojú Carpreau nìkan ni. Ẹni tó bá kà á ní Faransé, orí rẹ̀ á wú. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kò ní "o", kò ní "ẹ". Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ọba náà ni wọ́n fi ń pe ajá. Tí mo bá tú u bó ṣe wà, Zélie kàn ní kí ọ̀gá ṣí fèrèsé ni, ó parí.

Crispin ní kò le. Ó ní kí Zélie sọ pé, "Dìde kí o ṣí i, ìwọ ẹlẹ́dẹ̀ arúgbó." Màdáámù ń bó ọ̀dùnkún nígbà tí mo sọ ọ́ fún un. Kò dá ọ̀bẹ dúró.

"Zélie kò bú u," ó ní. "Ẹni tó ń bú ọ̀gá rẹ̀ ṣì ń bẹ̀rù rẹ̀. Ogójì ọdún ni obìnrin yẹn fi ń pe ọkùnrin kan bí ẹni pé ó pọ̀, bí ẹni pé èrò ló jókòó sórí àga. Lọ́jọ́ yẹn, ó kà á. Ó rí i pé ẹnì kan ni."

Ó wá sọ fún mi pé irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ìyá òun ti ṣiṣẹ́ títí ó fi di arúgbó, kò jìnnà síbi tí a jókòó sí. Ìyá náà kò pe ọ̀gá rẹ̀ ní ìwọ rí. Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé lójú àlá pàápàá, "ẹ̀yin" ni òun ń pè é. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kú. Ojú ewé yẹn ni Màdáámù fi gba ẹnu ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Àdéhùn sì fún un láṣẹ pé wọn ò lè tẹ ìwé kankan láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí ẹ̀dà àyẹ̀wò rẹ̀. Ó sọ ọ́ tààrà: bí ojú ewé yẹn kò bá là á já, òun ò ní fọwọ́ sí nǹkan kan.

Àpò ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ló fi ojútùú hàn mí. Faransé gùn ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Nígbà tí mo bá kó Gẹ̀ẹ́sì sínú àpò tí Màdáámù yà fún Faransé, àyè funfun máa ń ṣẹ́ kù nísàlẹ̀, ó sì ti ń bí mi nínú láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo wá rò ó: tí mo bá fi "sà" sí àyè yẹn ńkọ́? Òun nìkan lórí ìlà tirẹ̀, nínú gbogbo àpò tí Zélie bá ti ń bá Carpreau sọ̀rọ̀, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Tíì rè é, sà. Òjò ń rọ̀, sà. Tó bá wá di ojú ewé tó gbẹ̀yìn, kò ní sí sà. Mi ò sì ní sún ọ̀rọ̀ tó kù wá sí àárín. Ibi tí sà ì bá wà á ṣófo. Ojú òǹkàwé á wá a lọ síbẹ̀, á sì já wálẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹni tó rò pé àtẹ̀gùn ṣì ku ọ̀kan.

Màdáámù fi awò ńlá rẹ̀ wo àpẹẹrẹ tí mo yà. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ọmọ yìí, olè ni ọ́." Ó ń yìn mí ni.

Crispin ráhùn lórí fóònù. Ó ní sà ti pọ̀ jù, pé àwọn òǹkàwé ò ní ka ìwé náà dé ìdajì kó tó sú wọn. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Màdáámù.

"Kí ó sú wọn," ni Màdáámù wí. "Ó sú ìyá mi náà."

Nígbà tí òtútù ti mú dáadáa, tí àjọ̀dún ìtàn aláwòrán tí wọ́n ń ṣe ní Angoulême sì ti sún mọ́lé, Crispin fúnra rẹ̀ gbé ẹ̀dà àyẹ̀wò ìwé kejì wá láti Leeds. Ìwé náà ti wà lórí ìlà àwọn ìwé tó ń dúró de ìtẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onítẹ̀wé. Ìfọwọ́sí Màdáámù ló kù. Màdáámù ń fi bíà se ẹran màlúù lórí iná, oru ọbẹ̀ sì ti bo gíláàsì fèrèsé. Crispin jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Màdáámù kò wo èèpo ìwé, kò wo orúkọ ara rẹ̀. Ojú ewé tó gbẹ̀yìn ló ṣí.

Dìde, kí o ṣí i. Lábẹ́ rẹ̀, lórí ìlà tirẹ̀, ní lẹ́tà tó mọ́ tónítóní: sà.

Mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. Crispin ló ṣàlàyé, inú rẹ̀ sì ń dùn bó ṣe ń ṣàlàyé. Ó ní obìnrin kan wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ àṣìṣe wò, ojú rẹ̀ mú bí abẹ. Òun ló rí i pé sà wà nínú gbogbo àpò ọ̀rọ̀ Zélie àfi ẹyọ kan, ó gbà pé mo gbàgbé ni, ó sì bá mi fi í sí i. Ó ní ó yẹ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà kò ṣẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó yẹ kó yọ ọfà lápó ti di èyí tó ń yọ obì lápò. Ogójì ọdún Zélie já sí "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dìde".

Màdáámù pa ìwé dé, ó fi ìka kan tì í padà sọ́dọ̀ Crispin. Ó ní òun ò fọwọ́ sí i.

Crispin ò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, nínú ìwé tó tóbi tó báyìí. Ó ní tí wọ́n bá yí ohunkóhun padà ní báyìí, ìwé náà á pàdánù àyè rẹ̀ lórí ìlà, kò ní bá àjọ̀dún, òun ò sì mọ̀ bóyá ilé iṣẹ́ òun á lè gbé ìyókù lẹ́yìn náà. Ó wá yí sí Gẹ̀ẹ́sì, ó ní kí n bá màmá yìí sọ̀rọ̀, àti pé tí mi ò bá lè bá a sọ ọ́, òun á wá ẹlòmíràn tó máa tú ìwé kẹta. Ara mi ti ń gbóná. Faransé ni mo fi dá a lóhùn kí Màdáámù lè gbọ́. Mo ní kó wá ẹlòmíràn, kó sì rí i dájú pé orúkọ ẹni yẹn ló máa gbé sà náà sọ́rùn, kì í ṣe tèmi.

Ó yíjú sí Màdáámù. "Ghislaine, gbọ́ mi. Ṣé nítorí ọ̀rọ̀ kan lo ṣe fẹ́ pa iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ?"

"Wọ́n ti pa á níbí rí, Ọ̀gbẹ́ni Hale," ni Màdáámù dáhùn. "Ó sàn kí wọ́n má kà á rárá ju kí wọ́n kà á pé obìnrin yẹn ń bẹ̀bẹ̀. Ẹ gbé ìwé yín."

Ìkòkò ń hó. Òógùn ti bo iwájú orí Crispin. Ó tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀, ó ń fi ẹ̀dà àyẹ̀wò náà fẹ́ ara. Ó wá ṣe bí àlejò tó mọ ìwà hù, tí kì í fọwọ́ kan nǹkan onílé láìtọrọ.

"Ghislaine, jọ̀ọ́, ṣé o lè ṣí fèrèsé yìí díẹ̀?"

Mo ti fẹ́ dìde. Màdáámù na ọwọ́, ó dá mi dúró. Ó wo Crispin, ó wo fèrèsé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, kò sì gbé ohùn sókè.

"Dìde, kí o ṣí i."

Láti ọjọ́ tí ọkùnrin yìí ti ń wọ ilé yẹn, "ẹ" ni. Ẹ jókòó, ẹ mu kọfí, ẹ kú ìrìn-àjò. Etí rẹ̀ kò gbọ́ ọ̀kankan nínú wọn rí, àfi ìgbà tí kò sí mọ́. Mo rí i bó ṣe wá yé e. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Ó wò mí, mi ò ràn án lọ́wọ́. Ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, láti ọrùn lọ títí dé ìdí irun.

Ó dìde, ó ṣí i.

Òtútù wọlé pẹ̀lú ariwo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri níta. Crispin dúró síbẹ̀, ó kẹ́yìn sí wa. Nígbà tó yá, ó bèèrè bóyá ohun tó ṣe Carpreau nìyẹn. Màdáámù ní ohun tó ṣe é nìyẹn.

Ó padà wá, ó tọrọ bírò lọ́wọ́ mi, ó ṣí ojú ewé tó gbẹ̀yìn, ó sì fa ìlà gba inú sà kọjá, ó tún fà á. Níwájú wa ló ti pe àwọn onítẹ̀wé, ó ní kí wọ́n yọ ìwé òun kúrò lórí ìlà. Mo ń gbọ́ ohùn ẹnì kan tó ń jágbe lódì kejì fóònù. Crispin kàn ń sọ pé òun mọ̀, òun mọ̀. Nígbà tó parí, ó dúró níwájú Màdáámù bí ọmọ iléèwé.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màdáámù," ó ní, ọ̀rọ̀ náà sì le lẹ́nu rẹ̀ bí bàtà tuntun, "ẹ bá mi fọwọ́ sí i báyìí."

Màdáámù fọwọ́ sí i. Ó ní, "Jókòó, kí o jẹun." Láti ọjọ́ náà, Màdáámù ń pe Crispin ní ìwọ, Crispin ń pè é ní ẹ̀yin, kò sì sí èyí tó ní kí ẹnìkejì yí i padà.

Ìwé náà pàdánù àjọ̀dún ọdún yẹn lóòótọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e la tó gbé e dé Angoulême, Màdáámù lẹ́yìn tábìlì, èmi lápá ọ̀tún rẹ̀ láti máa túmọ̀. Ọkùnrin ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan ra ìwé kejì, ó lọ fara ti ògiri, ó kà á tán lórí ìdúró. Ó padà wá, ìka rẹ̀ lórí ojú ewé tó gbẹ̀yìn. Ó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ pé kí wọ́n má bínú, ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ kan já bọ́ níbí; òun ti ń wá a láti ìgbà tí òun ti dé ojú ewé náà. Crispin la ẹnu láti ṣàlàyé, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

Màdáámù bi mí pé kí ló wí. Mo sọ fún un.

"Sọ fún un pé ó ti rí i."